Kànga Shergin àti Àwọn Alààyè Inú Ilẹ̀ Dídì

Omi ni Fyodor Shergin ń wá. Lọ́dún 1828, oníṣòwò yìí, aṣojú iléeṣẹ́ ará Rọ́ṣíà kan tó ń ra awọ ẹranko onírun ní Alaska, ní kí wọ́n gbẹ́ kànga sí àgbàlá òun ní ìlú Yakutsk, ní ìlà-oòrùn Sàìbéríà. Àwọn òṣìṣẹ́ gbẹ́, gbẹ́, gbẹ́, wọn ò kan omi. Erùpẹ̀ ti dì gbagidi, ibi tí wọ́n sì rò pé yìnyín náà máa parí sí kò dé. Ó kù díẹ̀ kí Shergin pa iṣẹ́ náà tì nígbà tí Ferdinand Wrangel, ọ̀gá kan nínú àwọn ọmọ ogun ojú omi Rọ́ṣíà, gba ìlú náà kọjá lọ sí Alaska. Wrangel rọ̀ ọ́ pé kó má dáwọ́ dúró, nítorí pé ìmọ̀ tí wọ́n máa rí nínú ihò náà lè ṣe pàtàkì ju omi lọ. Nígbà tí wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1837, kànga náà ti jìn ju mítà 116 lọ. Ilẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣì dì.

Lọ́dún 1844, ọ̀dọ́mọkùnrin onímọ̀ kan tí Ilé Ẹ̀kọ́ Ìmọ̀ Ìjìnlẹ̀ ti St. Petersburg rán, Alexander von Middendorff, dé ibẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ sínú kànga náà, ó fi tẹmómítà sí ara ògiri rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì kọ ohun tó rí sílẹ̀. Títí dé ìsàlẹ̀ pátápátá, ilẹ̀ náà tutù ju ìwọ̀n tí omi fi ń dì lọ. Ṣáájú ìgbà náà, àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní Yúróòpù ti sọ pé irọ́ ni ìròyìn pé ilẹ̀ lè dì jìn tó bẹ́ẹ̀. Kànga Shergin pa wọ́n lẹ́nu mọ́.

Àwọn ọmọ Sakha, tí wọ́n ni agbègbè náà, ti mọ̀ tipẹ́. Bí òtútù bá dé, wọn a gé yìnyín ńláńlá lójú odò àti adágún, wọn a tò ó pamọ́, òun ni wọn a máa yọ́ mu. Wọ́n tún máa ń gbẹ́ yàrá abẹ́ ilẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní buluus. Inú rẹ̀ ni wọ́n ń kó ẹran, ẹja àti wàrà sí lásìkò ooru, láìsí pé nǹkan kan bàjẹ́.

Ó pẹ́ gan-an kí ẹnikẹ́ni tó béèrè bóyá nǹkan kan wà láàyè nínú ilẹ̀ yìí. Lójú gbogbo ayé, ilẹ̀ tó dì ti kú. Òpin ayé ni, kò sí ohun tó ń hù níbẹ̀, kò sì sí ohun tó ń jẹrà. Lónìí, a mọ̀ pé àìlóǹkà bakitéríà ló wà nínú rẹ̀, pé òmíràn nínú wọn ti wà níbẹ̀ kí irú ènìyàn tí a jẹ́ tó dé ayé, àti pé wọ́n ṣì lè jí. Ohun tó wúni lórí nínú ìtàn bí a ṣe mọ̀ bẹ́ẹ̀ ni pé ẹni tó ń wá nǹkan mìíràn ló máa ń kàn án: ẹni tó ń wá omi, ẹni tó ń wá eyín erin, ẹni tó fẹ́ mọ ìdí tí ẹja fi ń bàjẹ́.

Ilẹ̀ tí kò bá yọ́ fún ọdún méjì léra léra, ó kéré tán, ni àwọn onímọ̀ ń kà sí ilẹ̀ dídì. Ó gba ìdá kan nínú márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ilẹ̀ ìdajì àríwá ayé: èyí tó pọ̀ jù nínú Sàìbéríà, Alaska, àríwá Kánádà, títí dé orí òkè Tibet. Bí ooru bá dé, ìpele òkè rẹ̀ á yọ́, koríko á hù, ẹ̀fọn á gba ojú ọ̀run. Bí ènìyàn bá walẹ̀ díẹ̀, yìnyín ló máa kàn. Ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ Kolyma, ní ìkángun ìlà-oòrùn àríwá Rọ́ṣíà, àwọn ibì kan wà tí kò tíì yọ́ láti bí ọdún mílíọ̀nù 2 sí mílíọ̀nù 3 sẹ́yìn.

Eyín erin ló kọ́kọ́ mú kí àwọn ènìyàn máa tú inú ilẹ̀ yìí wò dáadáa. Lọ́dún 1799, Ossip Shumachov, ọdẹ kan nínú ẹ̀yà Evenki, rí nǹkan ńlá kan tó yọ gọngọ lára ògiri yìnyín níbi tí odò Lena ti ń wọ òkun. Ó gbà á ní ọdún mélòó kan kí nǹkan náà tó yọ́ jáde: erin onírun ayé àtijọ́, tòun tẹran tòun tawọ. Shumachov ta eyín rẹ̀. Nígbà tí Mikhail Adams, onímọ̀ láti St. Petersburg, fi máa débẹ̀ lọ́dún 1806, àwọn ẹranko ìgbẹ́ ti jẹ nínú ẹran náà, àwọn ará agbègbè náà sì ti gé lára rẹ̀ fún ajá wọn. Ohun tó kù ni Adams kó lọ sílé: egungun, awọ àti irun. Lẹ́bàá odò Berezovka, tó ń ṣàn wọnú Kolyma, wọ́n tún rí òmíràn lọ́dún 1900. Otto Herz ló kó àwọn ènìyàn lọ hú u lọ́dún 1901. Oúnjẹ ṣì wà láàárín eyín rẹ̀, àwọn ajá sì jẹ nínú ẹran rẹ̀.

Ẹran tí kò jẹrà fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, ìbéèrè ńlá ló gbé dìde. Bakitéríà ló ń mú kí òkú jẹrà. Ṣé kò sí bakitéríà nínú ilẹ̀ náà ni, àbí wọ́n wà níbẹ̀ tí ọwọ́ wọn kàn kò ká iṣẹ́? Ní St. Petersburg, Vasily Omelyansky, onímọ̀ nípa bakitéríà, gba ìdí òkú erin kan tí wọ́n rí lẹ́bàá odò Sanga-Yurakh wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Ó yẹ ara erin náà wò, ó yẹ erùpẹ̀ tó yí i ká wò, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 1911: bakitéríà wà níbẹ̀, wọ́n sì hù nígbà tó fún wọn ní oúnjẹ.

Àmọ́ iyèméjì kò tán. Ta ló lè búra pé kì í ṣe ọwọ́ àwọn tó hú erin náà, tàbí omi òjò tó ṣàn lé e lórí, ni bakitéríà náà ti wá? Iyèméjì yìí kò tán fún bí àádọ́rin ọdún.

Láàárín àkókò yẹn, ọ̀nà mìíràn ti là, láti ọ̀dọ̀ ẹja. Lọ́dún 1887, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Josef Forster kọ̀wé nípa bakitéríà kan tó ń tàn yòò lára ẹja òkun: kódà ní òdo gan-an lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó ń pọ̀ sí i. Títí di ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ gbà pé òtútù ń dá bakitéríà dúró ṣinṣin. Ìdí tí Forster fi jàre náà ni ọbẹ̀ fi ń kan nínú fíríìjì bó bá pẹ́ jù. Láàárín 1901 sí 1903, Erik Ekelöf, dókítà ẹgbẹ́ àwọn ará Sweden tó há sí erékùṣù Snow Hill ní Àǹtákítíkà, hu bakitéríà láti inú erùpẹ̀ ibẹ̀. Nígbà tó di 1975, Richard Morita ní Amẹ́ríkà fi ìlà sí ọ̀rọ̀ náà: bakitéríà tó fẹ́ràn òtútù ní tòótọ́ ni èyí tó ń ṣe dáadáa jù lọ ní dígírì 15 tàbí kó rẹlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀, tí kò lè hù mọ́ bí ooru bá ti ju dígírì 20 lọ, àmọ́ tó lè hù ní òdo.

Ẹni tó yanjú iyèméjì tó wà lórí iṣẹ́ Omelyansky ni David Gilichinsky, ọmọ Rọ́ṣíà tó ṣiṣẹ́ ní ìlú Pushchino, ní gúúsù Mọsko. Láti ìparí àwọn ọdún 1970 ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń lọ sí Kolyma, wọ́n ń fi irin ihò fa ilẹ̀ dídì jáde ní gbọọrọ. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni ìmọ́tótó iṣẹ́ wọn. Àwọn tó ń wa epo a máa da omi tàbí ẹrẹ̀ sí irin tó ń lu ilẹ̀ kó má baà gbóná; Gilichinsky kọ̀ ọ́, nítorí pé omi a máa gbé bakitéríà òde wọlé. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń lu ilẹ̀, láìda nǹkan kan sí i. Bí wọ́n bá ti fà á jáde, wọ́n á fi ọ̀bẹ ha gbogbo òde rẹ̀ dànù, àárín nìkan ni wọ́n ń mú, wọ́n á sì gbé e dé ilé ìwádìí láìjẹ́ kó yọ́. Nígbà mìíràn, wọ́n a fi bakitéríà kan tí wọ́n mọ̀ dáadáa ra irin náà. Bí wọn kò bá rí i ní àárín ilẹ̀ tí wọ́n fà jáde, ó dájú pé nǹkan kan kò ti òde wọ ibẹ̀.

Ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ pọ̀. Láti inú ilẹ̀ Kolyma tó ti dì fún ọdún 20,000 sí 30,000 ni Psychrobacter arcticus ti wá, bakitéríà tó ń hù ní dígírì 10 sí ìsàlẹ̀ òdo. Láti inú ilẹ̀ tó ti dì fún ọdún mílíọ̀nù 2 sí 3 ni Exiguobacterium sibiricum ti wá: òun ń hù láti dígírì 5 sí ìsàlẹ̀ òdo títí dé dígírì 40 sókè. James Tiedje àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Michigan bá àwọn ará Pushchino ṣiṣẹ́ lórí wọn, wọ́n sì ka DNA àwọn méjèèjì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Báwo ni wọ́n ṣe ń gbé e?

Omi ni ìbéèrè àkọ́kọ́. Kò sí ohun alààyè tó lè ṣiṣẹ́ láìsí omi, yìnyín kò sì lè ṣiṣẹ́ omi. Àmọ́ ilẹ̀ dídì kì í dì tán. Lára hóró iyanrìn àti amọ̀ kọ̀ọ̀kan, omi tín-ín-rín kan máa ń wà tí kò dì, kódà ní dígírì 10 tàbí 20 sí ìsàlẹ̀ òdo. Iyọ̀ ti pọ̀ jọ sínú rẹ̀, ara hóró ilẹ̀ sì dì í mú débi pé kò ráyè tò bí yìnyín ṣe ń tò. Inú omi yìí ni bakitéríà ń gbé. Ibẹ̀ ni oúnjẹ ti ń bá a, ibẹ̀ náà ni ìdọ̀tí rẹ̀ ń gbà jáde.

Lẹ́yìn omi, ó kan awọ ara. Ọ̀rá wà nínú awọ tó bo bakitéríà, òtútù sì jẹ́ ọ̀tá ọ̀rá. Ẹni tó bá ti wo ìgò epo pupa lásìkò ọyẹ́ ti rí i: epo náà á dì jọ, òróró ẹ̀pà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á ṣì máa ṣàn. Àwọn ọ̀rá kan nà gbọọrọ, wọ́n ń rọra tò ti ara wọn, wọ́n sì ń dì. Àwọn mìíràn tẹ̀ láàárín, wọn kò lè tò pọ̀. Bí òtútù bá ti ń pọ̀ sí i ni bakitéríà ilẹ̀ dídì ń fi ọ̀rá tó tẹ̀ kún awọ ara rẹ̀, kí awọ náà lè máa rọ̀, kí oúnjẹ sì lè máa wọlé. Àwọn kan tún ń kó èròjà bíi trehalose jọ sínú ara wọn, kí omi inú wọn má baà di yìnyín tó máa fa ara wọn ya.

Ẹ́ńsáìmù wọn náà yàtọ̀. Ẹ́ńsáìmù ni òṣìṣẹ́ inú gbogbo ara alààyè: òun ló ń gé oúnjẹ sí wẹ́wẹ́, òun ló ń tún ohun tó bàjẹ́ ṣe. Bí òtútù bá mú, ẹ́ńsáìmù ara ènìyàn á gan, iṣẹ́ rẹ̀ á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró. Ti bakitéríà yìí rọ̀, ó ń ká, ó ń nà, ó ń ṣiṣẹ́ nínú òtútù. Ohun tó fi ń san án ni pé ooru díẹ̀ ló ń bà á jẹ́.

Ohun gbogbo ń lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Lọ́dún 2000, Elizaveta Rivkina ti Pushchino àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé bakitéríà ilẹ̀ dídì ṣì ń mú oúnjẹ di ara ní dígírì 20 sí ìsàlẹ̀ òdo. Ní dígírì 5 lókè òdo, ọjọ́ kan péré ló ń gbà wọ́n láti di ìlọ́po méjì. Ní 10 sí ìsàlẹ̀ òdo, ó di nǹkan bí ogún ọjọ́. Ní 20, ó di bí 160 ọjọ́. Ní Kánádà, Lyle Whyte àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì McGill ròyìn lọ́dún 2013 nípa Planococcus halocryophilus, tí wọ́n rí ní àríwá Kánádà pátápátá. Ó ń pọ̀ sí i ní dígírì 15 sí ìsàlẹ̀ òdo.

Ìyẹn ló dáhùn ìbéèrè tó le jù: báwo ni wọ́n ṣe pẹ́ láàyè tó bẹ́ẹ̀? Bakitéríà kan lè sùn fún ọgọ́rùn-ún ọdún bíi kóró èso, àmọ́ ìtànṣán tó ń jáde láti inú erùpẹ̀ fúnra rẹ̀ kì í sùn. Díẹ̀díẹ̀ ló ń já DNA rẹ̀, ẹni tó sùn kò sì lè tún un ṣe. Lọ́dún 2007, Sarah Stewart Johnson, Eske Willerslev àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn yẹ ilẹ̀ dídì tó ti pẹ́ tó nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù ọdún wò. Àwọn tó pẹ́ jù lọ níbẹ̀ kì í ṣe àwọn tó sùn fọnfọn, bí kò ṣe àwọn tó ń mí díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n sì ń tún DNA wọn ṣe bó ti ń já.

Àwọn tó ń wá iṣẹ́ fún irú alààyè bẹ́ẹ̀ kò jẹ́ kó pẹ́. Ẹ́ńsáìmù tó lè ṣiṣẹ́ nínú omi tútù wúlò nínú ọṣẹ ìfọṣọ: ó ń gé ọ̀rá àti àbàwọ́n oúnjẹ láìjẹ́ pé wọ́n gbé omi kaná, owó iná mànàmáná sì ń dínkù. Ó wúlò nínú wàrà pẹ̀lú. Ní àwọn ọdún 1970, Olikoye Ransome-Kuti àti Norman Kretchmer fi hàn, láti inú ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà, pé ikùn ọ̀pọ̀lọpọ̀ àgbàlagbà Yorùbá kì í lè da ṣúgà inú wàrà, nígbà tí ọ̀pọ̀ Fúlàní lè dà á. Ẹ́ńsáìmù láti ara bakitéríà ilẹ̀ òtútù lè gé ṣúgà náà nígbà tí wàrà ṣì wà ní tútù, kí ó tó di pé ó bàjẹ́. Nínú ilé ìwádìí, ẹ́ńsáìmù kan láti ara bakitéríà Àǹtákítíkà wà lọ́jà báyìí fún àwọn tó ń gé DNA tí wọ́n sì ń lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Àléébù rẹ̀ ló di iyì: bí iṣẹ́ bá parí, wọ́n á fi ooru díẹ̀ pa á, kò sì ní da iṣẹ́ tó kàn rú.

Epo tó dànù sórí ilẹ̀ ńkọ́? Ní ibi tí ọkọ̀ kò dé bọ̀rọ̀, bí ibùdó ọmọ ogun Kánádà ní Alert, kíkó erùpẹ̀ tó ti mu epo lọ síbòmíràn ń náni lówó gọbọi. Bakitéríà ibẹ̀ ń jẹ epo. Ohun tí wọ́n máa ń ṣaláìní ni náítírójìn àti fọsifọ́rọ́ọ̀sì, nítorí náà àwọn olùwádìí ń fún wọn ní ajílẹ̀. Ní Àǹtákítíkà, òfin tún gbe ọ̀nà yìí lẹ́yìn: àdéhùn Madrid ti 1991 kò gbà kí ẹnikẹ́ni kó ohun alààyè àjèjì wọ ibẹ̀ láìgba àṣẹ, nítorí náà àwọn onílé ni wọ́n ń fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Àwọn tó ń wo ojú ọ̀run náà ń kọ́ lára wọn. Lọ́dún 2008, ẹ̀rọ Phoenix ti NASA wa ilẹ̀ àríwá Máàsì, ó sì kan yìnyín láìwà á jìn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bóyá alààyè kankan lè gbé nínú irú ilẹ̀ yẹn, Kolyma àti àríwá Kánádà ló ti máa kọ́kọ́ béèrè.

Kì í ṣe gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ló dára fún wa. Lọ́dún 2011, Gerry Wright, Hendrik Poinar àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì McMaster kéde ohun tí wọ́n rí nínú ilẹ̀ dídì ọdún 30,000 nítòsí Dawson ní Yukon, ní Kánádà: DNA tó ń jẹ́ kí bakitéríà borí oògùn apakòkòrò, títí kan vancomycin tí àwọn dókítà ń pamọ́ fún àìsàn tó le. Bakitéríà ti ń bá ara wọn jà pẹ̀lú irú oògùn bẹ́ẹ̀ kí ilé ìwòsàn tó wà. Ní Yamal, ní àríwá Rọ́ṣíà, ooru ọdún 2016 le gan-an. Àìsàn anthrax bẹ́ sílẹ̀, ó pa àgbọ̀nrín ilẹ̀ òtútù tó ju 2,000 lọ àti ọmọdékùnrin ọlọ́dún 12 kan. Bakitéríà anthrax kò fẹ́ràn òtútù. Ó kàn mọ bí wọ́n ṣe ń sùn nínú rẹ̀ ni, ilẹ̀ tó yọ́ ni wọ́n sì kà sí ohun tó jí i.

Yíyọ́ ilẹ̀ yìí ló yẹ kó ká gbogbo ayé lára. Kábọ́ọ̀nù tó wà nínú ilẹ̀ dídì àríwá tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù bílíọ̀nù 1,500, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì èyí tó wà nínú afẹ́fẹ́. Gbòǹgbò, ewé àti òkú ẹranko ni, ohun tí bakitéríà kò rí jẹ tán nítorí òtútù. Bí ilẹ̀ bá yọ́, wọ́n á jẹ ẹ́, wọ́n á sì tú u sí afẹ́fẹ́ bíi kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì àti mítéènì, ooru ayé á tún pọ̀ sí i. Ní ilẹ̀ àwọn ọmọ Sakha, omi ti ń wọ buluus àwọn kan, ilé tí wọ́n kọ́ sórí ilẹ̀ dídì sì ń sán.

Gilichinsky kú lọ́dún 2012. Láàárín àwọn ọdún tó fi ṣiṣẹ́, ilẹ̀ tí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fà jáde ní Kolyma dé ilé ìwádìí ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ nínú ohun tí a mọ̀ lónìí ti wá. Láti oṣù kejì ọdún 2022 tí Rọ́ṣíà ti gbógun wọ Ukraine, àjọṣe náà ti já ní ọ̀pọ̀ ibi. Àwọn onímọ̀ ní Alaska, Kánádà àti àwọn erékùṣù Svalbard ń bá iṣẹ́ lọ lórí ilẹ̀ tiwọn, àmọ́ inú Rọ́ṣíà ni apá tó tóbi jù nínú ilẹ̀ dídì ayé wà, inú rẹ̀ náà ni Kolyma wà. Bí ogun bá parí, iṣẹ́ tó yẹ kó kọ́kọ́ padà ni kí àwọn ará Pushchino, àwọn ọmọ Sakha tó mọ ilẹ̀ náà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lókè òkun tún jọ gbé irin ihò, kí wọ́n fa ilẹ̀ náà jáde, kí wọ́n sì kó o sínú òtútù ilé ìwádìí kó tó yọ́.